Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Yá Kì Í Mu Àgbo

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síta báyìí, tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ó dára kí ẹ rò ó. Lọ́jọ́ tèmi, ẹnikẹ́ni kò ní kí n rò ó. Bàbá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Àkànrán, ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Wúrà alágbo, ó ní, "Ọmọ yín nìyí o," ó yí padà. Ìwé kẹta ni mo kà mọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Àgbo ni mo fi jẹun, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo fi darúgbó.

Bí ẹ bá rò pé kí a já ewé kí a sì dáná sí i ni iṣẹ́ àgbo, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi fi ìfura ta oògùn.

Ìyá Wúrà kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò gba àwọn tó ń já ewé wá láti oko gbọ́. Ó máa ń tú ẹrù wọn sílẹ̀, a ó máa ṣà á ní ewé kọ̀ọ̀kan, torí ó ní ewé méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan máa wo ènìyàn sàn, kí èkejì máa sin ín. Èmi tí mò ń sùn sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, kò gba èmi náà gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo dìde nídìí ìkòkò, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo padà dé, ó ti da gbogbo ìkòkò náà nù sẹ́yìn ilé, ooru ṣì ń jáde lára ilẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé?"

"O dìde nídìí rẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ o."

"Ta ló sọ fún ọ? Ìwọ tí o ò sí níbẹ̀?"

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pọn omi míì.

Òfin rẹ̀ tó le jù ni ti ìdérí. Èèwọ̀ ni kí alágbo ṣí ìdérí ìkòkò kó tó béèrè àìsàn lọ́wọ́ ẹni tó wá rà á. O máa béèrè, o máa wo ojú, o máa wo ọwọ́, o máa tún gba ọ̀nà míì béèrè. Bí ìdáhùn méjèèjì bá bára mu, o lè ṣí i. Ìwọ alágbo lo máa kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú oníbàárà. Òun náà á wá mu tirẹ̀ lójú rẹ, nínú igbá, níbẹ̀. Kò sí pé à ń gbé e lọ sílé.

Ọkùnrin kan tó múra dáadáa dé lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi bu àgbo díẹ̀."

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí o. Mo kàn fẹ́ fi mú ara le ni."

"Ara yín yá?"

"Ó yá, a dúpẹ́."

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹni tí ara rẹ̀ yá kì í mu àgbo."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìyá Wúrà mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó gbá a títí ó fi dé etí títì. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó rí mi. "Kí lò ń fi rín? Ẹni tó bá ń mu oògùn láìṣàìsàn, àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè."

Nígbà tó tú mi sílẹ̀, mo lọ́kọ sí Lálúpọn. Bàbá àwọn ọmọ mi ń dá oko ẹ̀gẹ́, èmi pa àtíbàbà sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo gbé ìkòkò kaná. Mo fi òfin Ìyá Wúrà ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní mo le jù, àwọn kan ní ìbéèrè mi pọ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Mo gbà. Bí ibà ẹnìkan bá sì kọ̀ tí kò lọ, èmi fúnra mi ni mo máa ń lé e lọ sí ilé ìwòsàn, torí alágbo tó bá sọ pé òun mọ gbogbo nǹkan wò, ẹ sá fún un.

Iṣẹ́ wa yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìkòkò amọ̀ lọ, ìkòkò onírin dé. Èyí kò dun ẹnikẹ́ni. Ohun tó yí iṣẹ́ náà padà gan-an ni ìgò oníke. Àwọn oníbàárà ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, wọn ò ráyè dúró ti igbá mọ́. "Ìyá, ẹ bá mi rọ ọ́ sínú ìgò, màá mu ún bí mo bá délé." Bí àgbo tó ti ń jókòó sójú kan ṣe lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti kúrò lójú rẹ, o ò mọ ẹni tó máa mu ún mọ́, o ò sì mọ ohun tó máa bá pàdé lọ́nà. Kí àwọn ènìyàn má baà fi tẹlòmíràn pe tèmi, mo máa ń so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn ìgò. Ẹni bá ti rí okùn yẹn mọ̀ pé kò sí ọtí níbẹ̀, torí ìgbà yẹn náà ni àwọn alágbo míì ti ń da ọ̀gógóró sínú tiwọn kó lè máa tà wàràwàrà.

Wọ́n wá kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí tòsí wa. Ọmọ ènìyàn dé bí omi òjò. Inú wa dùn. Àwọn kan kọ́ ilé, àwọn kan ń ta oúnjẹ. Àwọn ọmọ náà máa ń yà lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀kan béèrè pé, "Ìyá, ṣé èyí máa gbé mi?"

"Gbé ọ lọ síbo? Ọ̀kadà ló ń gbé ènìyàn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n sọ tèmi ní àgbo Mọ́ṣáláṣí, nítorí pé kò lọ́tí. "Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń gbéni, ẹ kọjá síwájú o, ti Mọ́ṣáláṣí nìyí!" Mi ò bínú. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn bú mi ń bá mi polówó ni.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dọ́là fi ṣí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sí òdìkejì mi. Ó to àga, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ògiri, ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i. Ní ilẹ̀ tí iná kì í dúró, ẹni tó bá fún ọmọ ènìyàn ní afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè ohun tó ń tà. Mo lọ kí i.

"Dọ́là, iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbí?"

"Màmá wa, eré ni. Àwọn ọmọ ń fi najú ni."

"Mo ti ń wo ibẹ̀ láti àárọ̀. Mi ò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Irú eré wo nìyẹn?"

Ó ní èmi kò mọ ohun tó ń lọ lóde. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú aláìsàn. Àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀, ètè wọn gbẹ, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì tún ń padà wọlé. Nígbà tó yá, wọn ò tilẹ̀ nílò ilé Dọ́là mọ́. Inú fóònù ni tẹ́tẹ́ ń bá wọn gbé, ó ń bá wọn wọ kíláàsì, ó ń bá wọn dé ilé ìyàgbẹ́.

Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Ràsákì. Ará Akínyẹlé ni, gàrí ni ìyá rẹ̀ ń yan tà. Bó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí erùpẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mi ò tíì béèrè ni yóò ti máa ka àìsàn: "Ìyá, ibà ni. Orí ń fọ́ mi, ẹnu mi korò, oríkèé ń ro mí." Gbogbo rẹ̀ á pé. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Aláìsàn kì í ka àìsàn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ó máa ń wá a ni. Á ní ibí ni, á ní rárá, ọ̀hún ni.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti àwọn ará yàrá rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ràsákì, ṣé ibà ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín ni?"

"Ìyá, ẹ̀fọn ibẹ̀ pọ̀ jù wá lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo tà á fún un. Ṣùgbọ́n mo ní kó máa dá ìgò padà. Ìgò tí àgbo bá sùn sí, àwọ̀ àgbo a máa ràn mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì ṣòro kí ó fọ̀ kúrò. Ti Ràsákì ń mọ́ roro. Mo gbé ọ̀kan sí imú. Kò rùn dọ́ńgóyárò. Òórùn dídùn ló ń ti inú rẹ̀ jáde, bíi ti oògùn ikọ́ tí à ń fún ọmọdé. Mo gbé ìgò náà lé itan, mo ń wò ó.

Nígbà tó tún dé, mo bi í, "Àgbo tí o ń rà lọ, ta ló ń mu ún?"

"Àwọn ará yàrá wa ni, Ìyá."

"Wọ́n ń mu ún tán?"

"Tán pátápátá."

"Ìgò rẹ sọ nǹkan míì."

"Ìyá, ìgò ń sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Ó tiẹ̀ sọ òótọ́ jù ọ́ lọ. Láti òní, ibí lo ti máa mu tìrẹ, nínú igbá. Kí àwọn ará yàrá rẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn wá."

Mo bu igbá kan fún un. Ẹni tó ní òun ti ń mu ún láti ọjọ́ pípẹ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ewúro wò. Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò padà wá mọ́. Òdìkejì ni mo ti ń rí i, lọ́dọ̀ Dọ́là, tó gbé fóònù sún mọ́ ojú.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo lọ sẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń tú ẹrù àwọn ọmọ wò?"

"À ń tú u dáadáa, Ìyá. A ò gba ọtí láyè, a ò gba igbó láyè. Tiyín nìkan ni a kì í tú wò. Bí a bá ti rí okùn aláwọ̀ ewé yẹn, a mọ̀ pé àgbo Mọ́ṣáláṣí ni."

Ìgò mi ni wọ́n fi ń gbé ohun míì kọjá lẹ́nu géètì. Mo sọ fún un pé kó máa ṣí i, kó máa gbóòórùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ tèmi, pàápàá tèmi. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun. Bó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú rírọ àgbo sínú ìgò, ṣùgbọ́n àwọn tó ti jáde ti jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, mo gbọ́ ariwo. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń bọ̀, ọ̀kan gbé ìgò dání, okùn mi ń mì lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti pa Bísí!"

Bísí jẹ́ ọmọbìnrin tó máa ń kí mi bó bá ń kọjá, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti kú?"

"Kò tíì kú, ṣùgbọ́n ó ṣubú ní kíláàsì, a pè é kò dáhùn, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn..."

"Ẹ má pa á ṣáájú ikú. Ẹ gbé ìgò yẹn wá."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn dídùn yẹn náà ni. Mo bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Wọ́n ń pariwo lé mi lórí, mi ò dá wọn lóhùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró bá èrò jà.

Nọ́ọ̀sì tó pàdé mi kò tilẹ̀ kí mi. "Ẹ̀yin lẹ se é?"

"Èmi ni mo se èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, èmi kọ́."

Ó wò mí títí. "Èmi náà fura. Oorun tí ọmọ yìí ń sùn kì í ṣe oorun àgbo. Ìmí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ pé àgbo ni, àgbo ni. Dókítà ń sa ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, iṣẹ́ á yá."

"Mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n," ni mo wí, mo tún bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà.

Ràsákì wà lọ́dọ̀ Dọ́là, ní àga ẹ̀yìn pátápátá. Dọ́là rí mi, ó na ọwọ́ dí ọ̀nà. "Màmá wa, ẹ má bá mi lé oníbàárà lọ o."

"Mi ò wá oníbàárà rẹ. Ọmọ ìyá kan ni mò ń wá."

Mo jókòó ti Ràsákì. Kò gbé ojú sókè nínú fóònù.

"Bísí ṣubú."

"Mo gbọ́, Ìyá. Wọ́n ní àgbo yín ni."

"Kí lo pò mọ́ ọn?"

"Èmi kọ́, Ìyá."

"Mi ò ní kó o jẹ́wọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ gbọ́."

"Ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa wá."

"Wọ́n á lé mi kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Wọ́n á lé ọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èwo lo fẹ́? Kí wọ́n lé ọ, kí Bísí wà láàyè, àbí kí wọ́n lé ọ, kó ti kú?"

Ìgbà yẹn ló là á. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ rán sí i ló fi ta tẹ́tẹ́. Ó jẹ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó pàdánù gbogbo rẹ̀, ó ń lé e kiri. Kó lè rí òmíràn fi lé e ló ṣe ń da àgbo mi nù, tó ń po oògùn ikọ́ tó ń gbéni sínú ìgò, tí òun náà ń mu nínú rẹ̀, tó ń tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá yí fóònù sí mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìyá, ó ku díẹ̀. Bí èyí tí wọ́n ń gbá yìí bá wọlé, màá rí gbogbo rẹ̀ san padà. Ẹ jẹ́ kó parí ná, màá tẹ̀lé yín."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ibà tó ń mú ènìyàn sọ ìsọkúsọ. Mi ò rí irú ibà yẹn rí.

"Bísí kò ní dúró de bọ́ọ̀lù," ni mo wí.

Ó dìde. Mi ò gbà á gbọ́ síbẹ̀. Mo ní kó jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo di bẹ́líìtì rẹ̀ mú títí a fi débẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀ ló sọ ohun gbogbo fún nọ́ọ̀sì, obìnrin náà sì sáré wọlé. A jókòó síta. Èmi ń ka àdúà, òun ń wolẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ìmí Bísí ti ń gòkè. Ọmọ náà la ojú ní ọjọ́ kejì.

Wọ́n lé Ràsákì, bí mo ṣe sọ fún un. Àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ fura pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ẹ̀rí pé àwọn ti ṣe nǹkan. Mo ní mi ò ní wá bí wọn ò bá ní máa tú gbogbo ìgò wò, bí wọn ò bá sì fi ẹnìkan síbẹ̀ tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e. Wọ́n rojọ́ pọ̀ kí wọ́n tó gbà. Mo lọ lọ́dọọdún títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀. Mi ò fi iná ọ̀run dẹ́rù bà wọ́n. Mo ní, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣubú, má sá, má sì parọ́ nípa ohun tó mu. Bí o bá ti ń ta tẹ́tẹ́ láti fi gba èyí tó ti lọ padà, o ti ń ṣàìsàn nìyẹn, tètè pariwo.

Ìyá Ràsákì wá láti Akínyẹlé. Gàrí tó gbé wá, ó gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi se èyí tó máa gba tẹ́tẹ́ àti oògùn kúrò lára ọmọ mi."

"Dìde. Kò sí."

"Ẹnìkan ní òun ní in."

"Ẹni tó bá ní òun ní in, owó rẹ ló fẹ́ gbà. Mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Fi í sí ìdí ẹ̀gẹ́, níbi tí ojú rẹ ti lè tó o. Á padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má tìtorí rẹ̀ lé e jáde."

Ó padà sídìí rẹ̀ lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ kò lé e. Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ló ń tún ṣe káàkiri abúlé, ó sì ní ìyàwó.

Mi ò se àgbo mọ́. Àtíbàbà mi ti wó, mi ò tún un kọ́. Àwọn tó ń tà á nísinsìnyí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yin ọmọ bá fẹ́ mú iṣẹ́ yìí, tàbí iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ, tàbí ti nọ́ọ̀sì, tàbí iṣẹ́ yòówù tí ọmọ ọlọ́mọ á fi máa wá sí ìdí yín, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè ni iṣẹ́ náà.

Ràsákì máa ń yà lọ́dọ̀ mi bó bá ní iṣẹ́ ní Lálúpọn. Kì í sọ pé ara òun le. Iwájú mi ló máa ń dúró sí, á yọ fìlà, á ní, "Ìyá, ẹ wò mí." Mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń wo ètè rẹ̀, mo máa ń ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí n wò ó bóyá ó ń gbọ̀n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, pẹ̀lú gbogbo ọdún yìí, ẹ ò tíì fọkàn tán mi?"

"Rárá o," ni mo wí. "Jókòó, kó o jẹun."